Áàpù fóònù fún dídín ìwọ̀n ara kù: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń kọ oúnjẹ mi sínú fóònù. Mo ti fi dín kílò 17 kù, kílò márùn-ún nínú ẹ̀ tún padà wá lẹ́yìn tí mo pa á tì, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń bi mí léèrè, ìbéèrè kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, ni mo bá kúkú kó wọn jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo kà àti ohun tójú mi rí ni mo ń sọ, mo sì fẹ́ kó wúlò fún yín gan-an torí mo mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn máa sapá lóṣù méjì kí òṣùwọ̀n má sì mì.

Ṣé áàpù lè jẹ́ kí n dínkù lóòótọ́?

Áàpù fúnra ẹ̀ ò lè dín ẹnikẹ́ni kù. Kíkọ ló ń ṣiṣẹ́, pé kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́ láì fi nǹkan kan pa mọ́, áàpù kàn ń mú kíkọ yẹn rọrùn ni. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ dúró lé.

Lọ́dún 2008 ìwádìí kan jáde láti ọ̀dọ̀ Kaiser Permanente, ilé iṣẹ́ ìlera ńlá kan ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní 1,600 ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó ń kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ dínkù ní ìlọ́po méjì àwọn tí ò kọ nǹkan kan. Nígbà yẹn áàpù ò tíì gbòde báyìí. Nígbà tó di 2014, àwọn oníwádìí míì mú èèyàn 212 tí wọ́n sanra tí wọ́n ń lọ rí dókítà wọn déédéé, wọ́n fún apá kan ní MyFitnessPal, áàpù tí wọ́n fi ń kọ oúnjẹ sílẹ̀, wọn ò fún apá kejì, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín wọn. Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tó fà á? Lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fún ní áàpù ò fi bẹ́ẹ̀ ṣí i mọ́. Ó wà lórí fóònù wọn ni, ṣùgbọ́n wọn ò kọ nǹkan kan sí i.

Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé òun ti gbìyànjú áàpù kò sì ṣiṣẹ́, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé ọjọ́ mélòó lo fi kọ ọ́.

Báwo ni áàpù ṣe mọ iye kálórì tó yẹ kí n jẹ?

Kò mọ̀ ọ́n, ó fojú bù ú ni. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń lo ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Mifflin-St Jeor, tó ti wà láti 1990. Ká mú obìnrin ẹni ọdún 35 kan, kílò 80 ni ìwọ̀n ara ẹ̀, gíga ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 165. Áàpù á fi 10 sọ kílò ẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn 800. Á fi 6.25 sọ gíga ẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn 1,031. Á fi 5 sọ ọjọ́ orí ẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn 175, á yọ ọ́ kúrò, á wá tún yọ 161 torí pé obìnrin ni, tó bá jẹ́ ọkùnrin ni 5 ni wọ́n máa fi kún un dípò kí wọ́n yọ 161. Ohun tó máa kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500. Ìyẹn ni kálórì tí ara ẹ̀ máa ná lójúmọ́ bó bá tiẹ̀ dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ti máa ń bi yín pé báwo lẹ ṣe ń rìn ń ṣiṣẹ́ tó. Tó bá mú pé òun máa ń jókòó ni, áàpù á fi 1.2 sọ 1,500 yẹn di púpọ̀, á bọ́ sí nǹkan bíi 1,800. Tó bá mú pé òun máa ń ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì, 1.55 ni, ìyẹn á lé ní 2,300. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn, ó lé ní 500 kálórì lójúmọ́, iye tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá láti yọ gan-an nìyẹn! Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀ tó wá ń rìn díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó mú èyí tó kéré jù. Mo tan ara mi jẹ níbí yìí fún odindi oṣù mẹ́ta, mo ń jẹ gbogbo kálórì tí áàpù ní kí n jẹ, mi ò sì dínkù rárá.

Kílò mélòó ló yẹ kó lọ lọ́sẹ̀ kan?

Ìlàjì kílò sí kílò kan. Iye tí CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, náà ń sọ fáwọn èèyàn kò jìnnà síyẹn. Bí áàpù bá ń bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ kó yá, kẹ́ ẹ tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rántí pé oúnjẹ yín ló máa gé kúrò.

Nǹkan kan tún wà tí áàpù kì í sọ. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lo ìṣirò àtijọ́ kan tí dókítà kan tó ń jẹ́ Max Wishnofsky gbé jáde lọ́dún 1958, pé 3,500 kálórì ló wà nínú pọ́n-ùn ọ̀rá kan (pọ́n-ùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì kílò), tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń yọ 500 lójúmọ́, pọ́n-ùn kan á máa lọ lọ́sẹ̀ ṣáá. Níbẹ̀rẹ̀ ó fẹ́ sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ná ń dínkù, torí ara kékeré ò ná tó ara ńlá, tó bá yá ọwọ́ ìwọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kevin Hall àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò míì tó ka èyí mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Body Weight Planner lorúkọ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gba ọjọ́ tí áàpù dá fún yín gbọ́, ẹ lọ wò ó níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó sọ ọjọ́ tó jìnnà ju ti áàpù lọ, ṣùgbọ́n ọkàn yín ò ní bà jẹ́ lóṣù kẹrin.

Mò ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, mi ò sì dínkù. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo dúró nídìí sítóòfù, mo fẹ́ se ẹ̀fọ́ tí èmi nìkan máa jẹ. Mo gbé ìgò òróró, mo dà á sínú páànù bí mo ṣe máa ń dà á láti kékeré, láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan kan kàn sọ sí mi lọ́kàn pé kí n wọ̀n ọ́n. Mi ò tíì tan iná. Mo yí páànù dà sínú kọ́ọ̀bù, mo wá ń fi ṣíbí ńlá bù ú padà níkọ̀ọ̀kan: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ó sì ṣì ku díẹ̀ nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Nínú áàpù, ṣíbí kan ni mo ti ń kọ láti bí oṣù méjì. Ṣíbí ńlá òróró kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14, kálórì ẹ̀ sì ń lọ sí 120. Ẹ fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí i pé mò ń jẹ 360 kálórì tí mi ò kọ síbì kankan, lóúnjẹ alẹ́ nìkan. Mo jókòó sórí àga ìdáná yẹn fúngbà díẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan. Lọ́dún 1992 ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tí wọ́n ní àwọn ò jẹ ju 1,200 kálórì lọ lójúmọ́ àwọn ò sì dínkù. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n dáadáa, ohun tí wọ́n sọ pé àwọn jẹ fi nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ohun tí wọ́n jẹ gan-an, wọ́n sì fi ìdá 51 sọ eré ìdárayá wọn di ńlá. Wọn ò purọ́ o. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn nìyẹn.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sọ pé ara yín ló le, ẹ wo àwọn ibi tí kálórì máa ń sápamọ́ sí: òróró, bọ́tà, mílíìkì inú tíì, ọtí, júùsì, ohun tẹ́ ẹ tọ́ wò nígbà tẹ́ ẹ ń sè é, etí búrẹ́dì tọ́mọ jẹ kù tẹ́ ẹ jù sẹ́nu. Ọ̀rá ló ń gbé kálórì jù, gíráàmù kan ẹ̀ jẹ́ kálórì 9, ti púrótéènì àti ti sítáàṣì jẹ́ 4, ti ọtí jẹ́ 7. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kékeré lórí òróró fi burú ju àṣìṣe ńlá lórí ẹ̀fọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ nínú áàpù. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, àwọn tó ń lò ó bíi tiwa yìí ló kó púpọ̀ nínú àwọn oúnjẹ tó wà níbẹ̀ sí i, ẹlòmíì kọ ìrẹsì tútù, ẹlòmíì kọ èyí tó ti jinná, méjèèjì ń jẹ́ ìrẹsì. Ìrẹsì tútù 100 gíráàmù lé ní 350 kálórì, èyí tó jinná ò ju bíi 130 lọ torí omi ló kún inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọn tútù tẹ́ ẹ wá mú jíjinná lórí áàpù, ẹ ti fi kálórì tó lé ní 200 pa mọ́ fún ara yín.

Oúnjẹ tí mo ń sè nílé ò sí nínú áàpù, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín, kò le bó ṣe ń dún yẹn. Ẹ wọn ìkòkò lófìfo, ẹ kọ iye ẹ̀ síbì kan (èmi fi máákà kọ tèmi sísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn). Ẹ wọn gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa dà sínú ẹ̀ kó tó jinná, kẹ́ ẹ sì kọ wọ́n sí apá ibi tí áàpù ti ń gba oúnjẹ àdásè. Tó bá jinná, ẹ wọn ìkòkò tòun toúnjẹ, ẹ yọ ìwọ̀n ìkòkò kúrò. Ká ní gbogbo èròjà jẹ́ 2,400 kálórì, oúnjẹ tó jinná wá jẹ́ gíráàmù 1,600, ìyẹn kálórì kan àtààbọ̀ nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá bu 300 gíráàmù sáwo, 450 kálórì lẹ jẹ, ó parí. Ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú áàpù, tẹ́ ẹ bá tún sè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ kàn máa pè é jáde ni.

Ọ̀pọ̀ wa ò jẹ ju oríṣi oúnjẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ lóṣù kan. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá wọn sílẹ̀, kíkọ ò ní máa gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lójúmọ́.

Ṣé dandan ni kí n ra òṣùwọ̀n ìdáná?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nǹkan kan péré lẹ máa rà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ lò ó gidi fún oṣù kan, ojú yín á kọ́ bí gíráàmù 150 ṣe ń rí nínú abọ́ yín, lẹ́yìn náà ẹ lè máa lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn áàpù tuntun tó ń ya fọ́tò oúnjẹ tó sì ń sọ kálórì ẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n dáa fún ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jẹun níta tẹ́ ẹ ò sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè rí òróró tó ti wọnú oúnjẹ, kò lè mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú tíì, kò sì mọ bí abọ́ ṣe jìn tó. Ẹ gbà á bí ìdáhùn àfojúbù, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ rin ẹsẹ̀ 10,000 lójúmọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí 10,000 yẹn ti wá fún yín. Lọ́dún 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Tokyo, ilé iṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí láti ka ẹsẹ̀, wọ́n pè é ní Manpo-kei, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka ẹsẹ̀ ẹgbàárùn-ún. Orúkọ ọjà ni. Fóònù àti aago gbogbo ayé wá gbà á bí òfin.

Lọ́dún 2019 oníwádìí kan tó ń jẹ́ I-Min Lee àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo àwọn obìnrin àgbàlagbà tó lé ní 16,000, àwọn tó ń rin bíi 4,400 ẹsẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin 2,700, ọ̀rọ̀ náà sì ń dáa sí i títí dé nǹkan bíi 7,500 kó tó dúró lójú kan. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni wọ́n wò o, wọn ò wo ìwọ̀n ara. Fún ìdí yìí, tó bá jẹ́ 3,000 lẹ̀ ń rìn báyìí, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí áàpù fi 10,000 dẹ́rù bà yín, ẹ lọ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ yí i sí 4,500, tó bá ti mọ́ yín lára kẹ́ ẹ tún gbé e sókè.

Aago mi ní mo ti sun 600 kálórì nídìí eré ìdárayá. Ṣé kí n jẹ ẹ́ padà?

Ẹ má jẹ gbogbo ẹ̀. Lọ́dún 2017 àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dán aago àti ẹ̀rọ ọrùn-ọwọ́ méje wò lára 60 èèyàn. Púpọ̀ nínú wọn ka ìlùkìkì ọkàn dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá di kálórì, èyí tó gbìyànjú jù nínú wọn fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93 ṣìnà. Àwọn áàpù kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá so aago mọ́ wọn, fúnra wọn ni wọ́n máa fi kálórì eré ìdárayá kún oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á nínú ètò áàpù kẹ́ ẹ pa á. Tí ebi bá pa yín gan-an lẹ́yìn eré, ẹ jẹ ìdajì ohun tó sọ, kẹ́ ẹ wo bí òṣùwọ̀n ṣe máa rí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Nígbà tó di 2016, ìwádìí míì fi ọdún méjì tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 400 tí gbogbo wọn jọ ń ṣọ́ oúnjẹ. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìrìn dínkù ní bíi kílò 3.5, àwọn tí wọn ò fún dínkù ní kílò 5.9. Mi ò ní kẹ́ ẹ ju aago yín nù. Mo kàn ń sọ pé aago ò lè ṣiṣẹ́ tí abọ́ oúnjẹ yẹ kó ṣe.

Àná mo jẹun dáadáa, àárọ̀ yìí òṣùwọ̀n ní mo fi kílò kan àtààbọ̀ lé sí i. Kí ni mo ṣe?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sunkún. Kílò kan ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,700 kálórì. Kí ẹ tó lè fi kílò kan àtààbọ̀ ọ̀rá kún ara yín lóru ọjọ́ kan, ẹ máa ti jẹ ohun tó ju 11,000 kálórì lọ lórí oúnjẹ yín ojoojúmọ́. Omi ni. Iyọ̀ máa ń mú kí ara gba omi dúró, nǹkan oṣù obìnrin náà bẹ́ẹ̀, eré tó le bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí ò tíì jáde náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ sítáàṣì púpọ̀, ara máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan bíi glycogen, gíráàmù kọ̀ọ̀kan ẹ̀ sì ń gbé bíi gíráàmù omi mẹ́ta dání. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí kílò méjì sí mẹ́ta yára lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú àwọn èèyàn á dùn, ọ̀sẹ̀ kejì á wá dákẹ́ wọ́n á rò pé ó ti bàjẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń dínkù nìyí. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti tọ̀, kí n tó mu omi, mo máa ń gun òṣùwọ̀n, mo sì ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan tèmi rí báyìí: 78.4, 79.1, 78.6, 78.2, 78.9, 78.3, 78.0. Tẹ́ ẹ bá wo ọjọ́ kejì, ẹ óò ní mò ń sanra. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ kẹ́ ẹ fi méje pín in, 78.5 ni, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ 78.1. Iye yẹn nìkan ni mo ń wò. Libra lórí Android àti Happy Scale lórí iPhone máa ń ṣe irú ìṣirò yìí fún yín, wọ́n á fa ìlà kan tó ń rọra lọ láàárín gbogbo òkè-sísàlẹ̀ yẹn. Tí gígun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ bá ń ba ọkàn yín jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Mo ti kọ ọ́ fọ́jọ́ 40 láì fò, mo wá gbàgbé ọjọ́ mẹ́ta, áàpù sì ti dá mi padà sí òdo

Òdo yẹn ò kan ara yín. Ohun tẹ́ ẹ jẹ fọ́jọ́ 40 ò padà sẹ́nu yín torí pé fóònù pa nọ́ńbà kan rẹ́. Ẹ má gbìyànjú àtirántí ohun tẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ má sì febi pa ara yín lónìí láti fi dí i, ẹ kàn kọ oúnjẹ tó kàn. Ó dùn mí pé ibi yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fi í sílẹ̀.

Áàpù wo ló dáa jù, ṣé kí n sì sanwó?

MyFitnessPal ti wà láti 2005, òun ló ní oúnjẹ jù nínú àwọn tí mo ti lò, ṣùgbọ́n láti 2022 wọ́n ti gbé ibi tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ka ìlà dúdú ẹ̀yìn páálí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó. Lose It! fara jọ ọ́, ó rọrùn lójú. Cronometer dáa fẹ́ni tó bá fẹ́ mọ fítámì àti áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ. Noom máa ń fún yín ní ẹ̀kọ́ kékeré lójoojúmọ́ lórí ìdí tá a fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ WW, tí Jean Nidetch dá sílẹ̀ bíi Weight Watchers lọ́dún 1963, máa ń lo máàkì dípò kálórì, èyí máa ń tu àwọn tí ìṣirò ń sú lára.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ lánàá sínú ẹ̀. Tó bá gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kì í ṣe tiyín. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ dán èyí tó ń gbowó wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣọ́ra: pípa áàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù ò dá owó dúró. Inú Play Store tàbí App Store lẹ ti máa lọ fagi lé e, tó bá sì jẹ́ orí ìkànnì wọn lẹ ti sanwó, ibẹ̀ náà lẹ ti máa dá a dúró. Lọ́dún 2022 Noom gbà láti fi mílíọ̀nù 62 dọ́là parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é lórí irú owó tó ń já fúnra ẹ̀ yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé áláàmù sí ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà tó máa parí.

Ta ló ń rí ohun tí mo ń kọ síbẹ̀?

Àwọn tó ni áàpù ń rí i, ó sì lè dọ́wọ́ àwọn míì. Ní 2018 àwọn kan wọ inú MyFitnessPal, àkáǹtì bíi mílíọ̀nù 150 ni wọ́n rí, orúkọ àti ímeèlì àti password tí wọ́n ti sọ di àdììtú. Ẹ má lo password báńkì yín níbẹ̀. Ẹ má fún un ní àyè láti mọ ibi tẹ́ ẹ wà tí kò bá nílò ẹ̀, ẹ sì wò ó bóyá ó ń fi ohun tẹ́ ẹ jẹ han àwọn ọ̀rẹ́ yín láì jẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ṣé mo lè fi sórí fóònù ọmọ mi?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi tí dókítà ọmọ bá ní kẹ́ ẹ ṣe é tó sì ń bá yín ṣọ́ ọ. Ọmọ ṣì ń dàgbà, kálórì tó yẹ kó jẹ kì í ṣe ti ìṣirò yìí. Ní 2022 FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, mú WW lórí áàpù Kurbo tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọdé, wọ́n ní ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 jọ láì gba àṣẹ òbí, WW sì san mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là.

Ta ni kò yẹ kó lo irú áàpù yìí rárá?

Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́yàn, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn tó lè mú ṣúgà ara wálẹ̀, tó bá kàn dín oúnjẹ kù láì tún oògùn ṣe, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ewu. Ẹ má fi èyí ṣeré.

Àti ẹni tí oúnjẹ ti bá a jà rí. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo fi áàpù hàn án. Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ewé ẹ̀fọ́ níkọ̀ọ̀kan, kì í lọ síbi tí wọ́n bá pè é sí mọ́ torí wọ́n á jẹun níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọlé bá a lórí àga, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níwájú ẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń sunkún torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn mú un kọjá 1,200, iye yẹn sì ti di pupa. Ọjọ́ yẹn la jọ pa áàpù yẹn rẹ́, ó sì lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń fi oúnjẹ jẹ ara yín níyà, tẹ́ ẹ̀ ń sá fáwọn èèyàn torí oúnjẹ, tẹ́ ẹ̀ ń bì, tí ọ̀rọ̀ kálórì kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ fi áàpù sílẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ sọ fún ẹnì kan tó lè ràn yín lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín.

Ìgbà wo ni mo lè dáwọ́ ẹ̀ dúró?

Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ má fò sílẹ̀ lójijì bí mo ṣe ṣe, ohun tó dá kílò márùn-ún mi padà nìyẹn. Ẹ fi 100 kálórì kún oúnjẹ yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìwọ̀n máa fi dúró lójú kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ fóṣù kan sí i ní iye yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ lè dá oúnjẹ kíkọ dúró, ṣùgbọ́n ẹ má dá òṣùwọ̀n dúró. Nínú National Weight Control Registry, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994 láti máa tẹ̀ lé àwọn tó dínkù tí ò sì padà sanra, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ń gun òṣùwọ̀n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní báyìí tí mo ti dé ibi tí mo fẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni mo ń gùn ún. Tó bá fi kílò méjì kọjá ibi tí mo fi sí, tó sì wà bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì léra wọn, mo máa ń ṣí áàpù padà, mo máa ń kọ oúnjẹ mi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìgò òróró.